Síláìdì fún Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Níbi Iṣẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè tí àwọn tó ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí jù ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ọ̀gá ẹ̀ka tí wọ́n ṣàdédé ní kó wá kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun wà lára wọn, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fi ẹ̀rọ tuntun han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń bójú tó ààbò nílé iṣẹ́ ńlá. Mo dáhùn bí mo ṣe máa dáhùn ká ní a jọ jókòó ti kọ̀ǹpútà ni.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Mo ti ṣí PowerPoint, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí n óò kọ.

Ẹ pa á dé ná. Ẹ mú bébà àti bírò, kí ẹ parí gbólóhùn yìí: "Tí wọ́n bá kúrò níbí, wọn yóò lè..." Ohun tí èèyàn lè fojú rí ni kí ẹ fi parí rẹ̀. "Wọn yóò mọ̀ nípa ààbò" kò tó, nítorí ojú ò lè rí ìmọ̀ tó wà lórí ẹlòmíràn. "Wọn yóò lè fi ẹ̀rọ panápaná pa iná inú garawa ìdọ̀tí" tó, torí pé ẹ lè ní kí wọ́n ṣe é lójú yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ti máa ń dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ohun tí ọ̀gá rò pé wọn ò mọ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ohunkóhun tí kò bá ran gbólóhùn yẹn lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ìtàn bí ilé iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ tàbí fọ́tò àwọn ọ̀gá àgbà, kò ní ibi ìjókòó nínú síláìdì yín.

Síláìdì mélòó ló yẹ kó wà fún wákàtí kan?

Kò sí iye kan pàtó. Àwọn kan máa ń di òfin Guy Kawasaki, olùdókòwò ará Amẹ́ríkà, mú: síláìdì 10, ìṣẹ́jú 20, ìwọ̀n lẹ́tà tí kò kéré sí 30. Òfin dáadáa ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá owó ìdókòwò ló ṣe é fún. PechaKucha, ọ̀nà ìfi-síláìdì-sọ̀rọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 2003, ní síláìdì 20, ìṣẹ́jú àáyá 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ kíá, kò dára fún ẹni tó fẹ́ kí òṣìṣẹ́ béèrè ọ̀rọ̀.

Èrò ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka síláìdì. Èrò kan, síláìdì kan. Fífi síláìdì kún síláìdì kò ná yín ní kọ́bọ̀, nítorí náà ẹ má ki èrò mẹ́ta bọ inú ọ̀kan nítorí kí iye lè kéré. Ohun tí mo máa ń fọwọ́ líle mú ni àkókò: nínú wákàtí kan, n kì í sọ̀rọ̀ ju ìdajì lọ. Ìdajì yòókù, àwọn ló ni ín.

Ṣé ó burú kí n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi sí ojú síláìdì? Tí n kò bá kọ ọ́, mo máa ń gbàgbé.

Ó burú, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ìdí rẹ̀, torí pé ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ń já sí asán.

Ojú yára ju ẹnu lọ nídìí ìwé kíkà. Tí ẹ bá gbé ìlà mẹ́sàn-án sókè, kí ẹ tó ka ìlà kẹta síta, àwọn tó wà níjókòó ti kà á dé ìsàlẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí wọ́n ti mọ̀ lẹ ń sọ fún wọn. Èyí tó tún wá burú jù ni pé ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń kà á, wọn ò gbọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tí a ń kà àti ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ máa ń jìjàdù fún ibì kan náà lọ́kàn. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ ẹnu kì í bá ara wọn jà bẹ́ẹ̀. Richard Mayer, onímọ̀ nípa ọkàn àti ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán èyí wò. Àwọn tó wo àwòrán tí wọ́n sì gbọ́ àlàyé rẹ̀ sábà máa ń lóye ju àwọn tó wo àwòrán, tó gbọ́ àlàyé, tó tún ní láti ka àlàyé yẹn kan náà lójú skíríìnì.

Ààyè tí ọkàn ní fún ohun tuntun ò sì fẹ̀. Lọ́dún 1956, George Miller kọ ọ́ pé nǹkan bíi méje lèèyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di ọdún 2001, Nelson Cowan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò padà, ó ní bíi mẹ́rin ni. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti di ọ̀pọ̀ nǹkan papọ̀ bí òṣùṣù ọwọ̀. Ẹni tuntun ṣì ń ṣa ìgbálẹ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí síláìdì kan fi lè rọrùn lójú ẹ̀yin tí ẹ ṣe é, kó sì wọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́rùn.

Mo ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Mò ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn ìjàǹbá, mo to ìlànà mẹ́rìnlá sójú síláìdì kan, mo sì ń kà á fún wọn. Obìnrin kan tó jókòó níwájú ń gbé fóònù sókè ya gbogbo síláìdì ní fọ́tò. Nígbà tí a sinmi, mo béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè kà á kí n tún gbọ́ yín. Mo ní n óò kà á tí mo bá délé." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Wákàtí kan gbáko ló fi jókòó, síbẹ̀ ilé ló máa ti kẹ́kọ̀ọ́. Látìgbà náà, tí mo bá ti rí fóònù tó ń gòkè, mo mọ̀ pé ìwé ni mo gbé síwájú wọn.

Ní ti gbígbàgbé, àtúnṣe wà. Lábẹ́ síláìdì kọ̀ọ̀kan nínú PowerPoint àti Google Slides, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Notes. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sí. Tí ẹ bá lo Presenter View, ẹ̀yin á máa rí àkọsílẹ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà yín, síláìdì nìkan ni àwọn yòókù á máa rí.

Ẹ fi ọ̀kan hàn mí. Báwo ni síláìdì tó kún ṣe ń di èyí tó mọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀rọ panápaná. Bí mo ṣe máa ń bá a rèé: àkọlé rẹ̀ ni "Lílo Ẹ̀rọ Panápaná". Lábẹ́ rẹ̀, ìlà mọ́kànlá. Ìlà àkọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ ka ààbò sí pàtàkì. Ìlà kejì àti ìkẹta ń to irú iná tó wà. Ìlà kẹrin sọ pé kí a yọ pín-ìn-nì, ìkarùn-ún ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ náà wò lọ́dún, ìkẹfà ní kí a dojú rẹ̀ kọ iná. Àwòrán ọwọ́ iná kan tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní igun, kò tọ́ka sí nǹkan kan.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni òṣìṣẹ́ máa fi ọwọ́ ṣe: yíyọ pín-ìn-nì, dídojú ọ̀pá kọ ìdí iná, títẹ ọwọ́ ẹ̀rọ, àti fífi ọ̀pá náà sọ́tùn-ún sósì. Síláìdì mẹ́rin nìyẹn. Mo mú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri wọn gan-an, mo fi fóònù ya ọwọ́ ẹni tó ń yọ pín-ìn-nì náà, mo sún mọ́ ọn débi tí òrùka irin rẹ̀ fi hàn kedere. Mo fi ọfà kan ṣoṣo tọ́ka sí òrùka yẹn. Àkọlé: "Kọ́kọ́ fa òrùka yìí yọ." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Síláìdì kejì ni mo fi àkókò sí jù, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣì í. Ọwọ́ iná ló máa ń fa ojú, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fọ́n ún sí, tí ohun tó ń jó nísàlẹ̀ á sì máa jó lọ. Nítorí náà mo fi àwòrán méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: nínú ọ̀kan, ọ̀pá dojú kọ òkè iná, nínú èkejì, ó dojú kọ ìdí rẹ̀. Àkọlé: "Ìdí iná ni kí o fọ́n ọn sí, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀."

Irú iná tó wà di síláìdì tirẹ̀, kí wọ́n má bàa fi omi pa iná epo tàbí ti mànàmáná. Iye ìgbà tí wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ wò, mo yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ̀rọ̀ yẹn kàn. Ìlà nípa ààbò tó ṣe pàtàkì náà lọ. Ohun tó ń fi hàn pé ààbò ṣe pàtàkì ni pé a gbé ẹ̀rọ kan lé wọn lọ́wọ́ níta lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi dán an wò.

Kí ló yẹ kí n kọ sí àkọlé síláìdì?

Gbólóhùn tó pé, tó ń sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbà. "Ọ̀rọ̀ Ìgbaniwọlé" kò sọ nǹkan kan. "Kọ orúkọ àlejò sílẹ̀ kí o tó ṣílẹ̀kùn" sọ iṣẹ́. Michael Alley, tó ń kọ́ àwọn ẹnjiníà, ló ti ń tẹnu mọ́ ọ̀nà yìí láti ọjọ́ pípẹ́: gbólóhùn lókè, ẹ̀rí tí ojú rí nísàlẹ̀.

Àkọlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, ẹ̀yà kan lára fóòmù tí wọ́n fi bo táńkì epo já lu apá Columbia, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, nígbà tó ń gbéra. Àwọn ẹnjiníà fi síláìdì ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ fún àwọn ọ̀gá NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìrìn àjò sí gbalasa òfuurufú. Àkọlé ọ̀kan nínú síláìdì náà fini lọ́kàn balẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà kéékèèké, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fóòmù tó já náà tóbi tó 1,920 ínǹṣì onígun mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, nígbà tí èyí tí wọ́n ti fi ṣe ìdánwò rí jẹ́ 3 péré. Ọkọ̀ náà tú ká ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, èèyàn méje sì kú. Síláìdì kọ́ ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n Edward Tufte, onímọ̀ nípa bí a ṣe ń fi àwòrán àti àtẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀, tú síláìdì yẹn palẹ̀ ní ìlà ní ìlà, ìgbìmọ̀ tó wádìí ìjàǹbá náà sì kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé ẹni tó bá kà á lè má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ohun tó bá wúwo jù, òkè ni ibùjókòó rẹ̀, nínú lẹ́tà tó tóbi jù.

Lẹ́tà wo, ìwọ̀n wo, àwọ̀ wo?

Fọ́ǹtì (ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà) kan tó mọ́, tí kò ní ọnà; tó bá pọ̀ jù, méjì. Ìwọ̀n lẹ́tà inú síláìdì kò gbọdọ̀ kéré sí 24. Èmi kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ ju 28 lọ. Tí ọ̀rọ̀ kò bá gba ààyè, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ má dín lẹ́tà kù. Ẹ lọ jókòó sórí àga tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú yàrá náà kí wọ́n tó dé, kí ẹ ka síláìdì yín láti ibẹ̀.

Ní ti àwọ̀, dúdú lórí funfun tàbí funfun lórí aró ò ní já yín kulẹ̀. Eérú lórí funfun máa ń dára lójú kọ̀ǹpútà, á sì pòórá tí projector bá gbé e sára ògiri nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìlànà WCAG, tí àwọn tó ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ lé, ní kí ìyàtọ̀ àárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, tàbí 3 sí 1 fún lẹ́tà ńlá. Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tó ń wọn èyí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Láàárín àwọn tó ti ilẹ̀ Yúróòpù ṣẹ̀ wá, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 12 ni kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé dáadáa, ó sì wà láàárín àwọn yòókù náà. Tí ẹ bá fi àwọ̀ ewé sọ "ṣe é" tí ẹ fi pupa sọ "má ṣe é", ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sí i.

Yorùbá ni mo fi ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n àmì ohùn ń fò kúrò lórí lẹ́tà. Kí ni kí n ṣe?

Fọ́ǹtì ló ń ṣe é. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà gbogbo èdè mọ̀, lẹ́tà "ẹ" ní ààyè tirẹ̀, é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ̀yà méjì ni wọ́n ń tò pọ̀ láti fi ṣe é, fọ́ǹtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kó fi àpótí kékeré dípò rẹ̀. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL ń tò ó dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ẹ fi àyè díẹ̀ kún àárín ìlà sí ìlà, kí àmì òkè má bàa gun àmì ìsàlẹ̀ ìlà tó ṣáájú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí wàhálà yìí yọ àmì náà kúrò. Nínú ìlànà iṣẹ́, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọ̀wọ́ kì í ṣe ohun kan náà, òṣìṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ máa méfò.

Irú àwòrán wo ló dára?

Àwòrán ohun tí wọ́n máa fọwọ́ kàn. Tí ẹ bá ń kọ́ wọn ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ ya ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiwọn. Fọ́tò àwọn àjèjì tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ó sì ń jẹ ààyè. Ẹ gé ohun tó yí i ká kúrò, ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ ń sọ gba ìdajì skíríìnì, ó kéré tán. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé bọ́tìnnì kan, ẹgbẹ́ bọ́tìnnì náà ni kó wà, kì í ṣe nísàlẹ̀ níbi tí ojú á ti máa sáré lọ sáré bọ̀.

Tí ẹ bá ya ojú kọ̀ǹpútà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí orúkọ oníbàárà tàbí aláìsàn má lọ wà níbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá hàn nínú fọ́tò, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé kí ọ̀rọ̀ máa fò wọlé, kó máa yí?

Rárá. Ìyàtọ̀ kan péré ni: tí ìgbésẹ̀ bá ń tẹ̀ lé ìgbésẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ nígbà tí ẹ bá dé orí rẹ̀. Kó kàn yọ ni, kó má jó.

Mo ní àtẹ nọ́ńbà láti Excel. Ṣé mo lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn?

Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n rí nínú rẹ̀? Tó bá jẹ́ nọ́ńbà kan, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn gàgàrà sí àárín. Tó bá jẹ́ pé ohun kan ń lọ sókè tàbí ń wá sílẹ̀, ẹ ya ìlà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń fi ẹ̀ka kan wé èkejì, ẹ ya òpó sí ẹ̀gbẹ́ òpó, ẹ fi àwọ̀ tó dáyàtọ̀ kun èyí tí ọ̀rọ̀ kàn, kí àwọn yòókù wà ní eérú. Odidi àtẹ náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Ọ̀gá mi ní kí n fi síláìdì ránṣẹ́ sí àwọn tí kò lè wá. Tó bá ṣe ṣókí, wọn ò ní lóye rẹ̀.

Òótọ́ ni, wọn ò ní lóye rẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀gá yín ń béèrè. Síláìdì wà fún ẹni tó ń gbọ́ yín. Ìwé wà fún ẹni tó ń dá kà á. Tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan ṣe méjèèjì, kò ní dára fún èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ ṣe ìwé ìléwọ́ olójú kan tàbí méjì tí gbogbo ìgbésẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ Notes yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwé náà tán; PowerPoint lè tẹ síláìdì àti Notes rẹ̀ jáde pọ̀. Ẹ pín in lẹ́yìn ẹ̀kọ́, tàbí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́.

Wọ́n máa ń sùn. Kí ni n óò ṣe?

Ẹ fún wọn níṣẹ́. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé síláìdì kan jáde tí ìbéèrè kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, kí ẹ dákẹ́. Kí ó jẹ́ ìbéèrè láti inú iṣẹ́: "Oníbàárà dé láìní ìwé ẹ̀rí. Kí lo máa ṣe?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí àwọn tó yára má bàa gba ẹnu àwọn tó ń ronú.

Èyí kọjá kí ojú wọn kàn là. Láti ọdún 1885 ni Hermann Ebbinghaus ti fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò tó fi hàn bí ohun tí a kọ́ ṣe ń yára ṣá lọ́kàn. Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi hàn pé àwọn tó gbìyànjú láti rántí ohun tí wọ́n kà ṣì mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju àwọn tó kàn ń tún un kà lọ. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè lónìí, kí ẹ tún fi ìbéèrè méjì ránṣẹ́ sí wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, ẹ tẹ lẹ́tà B. Skíríìnì á ṣókùnkùn, ojú gbogbo wọn á padà sára èèyàn. Ẹ tún un tẹ̀ tí ẹ bá ṣe tán.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń ṣe é ńkọ́?

Ẹ rántí pé ojú fóònù ni àwọn kan ti ń wò ó, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tóbi sí i. Fèrèsé síláìdì nìkan ni kí ẹ fi hàn, kí ímeèlì yín má bàa yọ sí gbogbo ayé. Ẹ béèrè ìbéèrè lemọ́lemọ́ ju ti inú yàrá lọ, torí pé ẹ ò rí ojú wọn.

Tí ẹ̀rọ bá kọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Ẹ gbé fáìlì náà dání ní ọ̀nà méjì: bó ṣe wà, àti PDF. PDF ò ní gbé fídíò, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú rẹ̀ kò ní yí padà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Nínú PowerPoint orí Windows, ẹ lọ sí File, Options, Save, kí ẹ fi àmì sí ibi tó ní kí fọ́ǹtì bá fáìlì lọ. Ẹ yẹ ìrísí skíríìnì yàrá náà wò ṣáájú, ìyẹn bí ìbú rẹ̀ ṣe rí sí gíga rẹ̀: síláìdì 4:3 lórí skíríìnì 16:9 á fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lófo. Ẹ sì tẹ ìwé ìléwọ́ sí bébà. Mo ti kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú bébà àti ẹ̀rọ tí à ń kọ́ nìkan, ẹ̀kọ́ náà sì yọrí dáadáa.

Báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé ó wọ̀ wọ́n létí?

Fọ́ọ̀mù tó ń béèrè bóyá wọ́n gbádùn rẹ̀ ò lè sọ fún yín. Donald Kirkpatrick ti pín ọ̀rọ̀ yìí sí ìpele mẹ́rin lọ́dún 1959: ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ṣé wọ́n kọ́ nǹkan, ṣé wọ́n ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́, ṣé iṣẹ́ ti yàtọ̀ nítorí rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dúró síbi àkọ́kọ́, torí òun ló rọrùn jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lọ bá márùn-ún nínú wọn nídìí iṣẹ́. Ẹ má mú síláìdì lọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ohun tí ẹ kọ sórí bébà yẹn níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ dúró sẹ́yìn, kí ẹ máa wò. Tí mẹ́ta bá há síbi ìgbésẹ̀ kan náà, ẹ ṣí fáìlì yín, ẹ wá síláìdì tó kọ́ wọn ní ìgbésẹ̀ yẹn, kí ẹ tún un ṣe kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mìíràn tó dé.